Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Gbé Ife Náà?

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a kọ nǹkan nípa eré ìdárayá, a sì mọ ìdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Àwa ni àwọn àgbàlagbà tí wọ́n máa ń jókòó pọ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pápá nígbàkígbà tí iléèwé wa bá ní ìdíje, tí ariwo wọn ń ju ti àwọn ọmọ lọ. Mẹ́sàn-án ni wá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó bẹ́ẹ̀. A ti ku márùn-ún báyìí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó wọ aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù iléèwé yìí rí. Òǹwòran ni wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí òǹwòran rí, ohun tí ó dùn ún, àti ohun tí ó ṣì ń retí ni a fẹ́ sọ.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí a wà ní iléèwé, ọjọ́ tí a bá ní ìdíje nínú Ife Àwọn Pírínsípà kì í ṣe ọjọ́ tí olùkọ́ lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò lẹ́yìn aago méjìlá. Ara ọmọ wà ní kíláàsì, ọkàn rẹ̀ ti dé Oníkan. Bí agogo ìparí bá ti lù, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn. A ó gba Ìta Fájì, a ó gba Lafíàjí, ìlù agolo níwájú, orin lẹ́yìn. Orin ìsìn tí a kọ ní òwúrọ̀ níwájú pírínsípà ni a ń yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà ní ọ̀sán láti fi bú aṣọ́lé iléèwé kejì. A gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ti dárí rẹ̀ jì wá. Àwọn ìyá tí ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà pápá mọ àwọ̀ aṣọ iléèwé kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù wọn sì ní iléèwé tí ó ń ṣe tirẹ̀. Bí a bá borí, a ó gba Ìsàlẹ̀ Èkó padà, láti Ìdúmọ̀tà dé Ẹnu Ọ̀wá, kí gbogbo ará ilé lè gbọ́. Bí wọ́n bá borí wa, a ó wá ọ̀nà ẹ̀yìn gbà lọ sílé láìfọhùn.

Oníkan kì í ṣe ibi lásán. Láti ọdún 1930 ni pápá ìṣeré ti wà níbẹ̀. Nígbà ìjọba àwọn Òyìnbó, orúkọ Ọba George Karùn-ún ni wọ́n fi ń pè é. Ó di Oníkan ní 1973. Lónìí, lẹ́yìn tí ìjọba tún un kọ́, orúkọ Mobọ́lájí Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni ó ń jẹ́. Nítòsí rẹ̀ ni Réèsì Kọ́ọ̀sì wà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré ìje, kí ó tó di Tafawa Balewa Square ní 1972. Erékùṣù Èkó kò tóbi, àwọn iléèwé ìjọ sì ti ń fún ara wọn mọ́ra lórí rẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wa. Baptist Academy bẹ̀rẹ̀ ní 1855, CMS Grammar School ní 1859, Methodist Boys' High School ní 1878. Nígbà tí ó yá, ilẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́. CMS Grammar School kó lọ sí Bàrígà ní 1959, ní ọdún tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Baptist Academy lọ sí Ọ̀bánikòró. Methodist Boys' High School sọdá sí Victoria Island. Nítorí náà, iléèwé tí ó bá ṣì wà lórí erékùṣù yìí, tí ó sì ní pápá, kí ó mọ̀ pé orí ọrọ̀ ni ó jókòó lé.

Kí ni pápá iléèwé ń ṣe fún ọmọ? Ó ń jẹ́ kí a rí i. Ọmọ tí kò lè dá ojú kọ ìwé ìṣirò, tí ẹnu rẹ̀ wúwo, tí bàbá rẹ̀ kò ní orúkọ ní ìlú, bí ó bá dé pápá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dára, gbogbo ojú ni yóò máa wò ó. Haruna Ilerika, ọmọ Èkó tí ó mọ bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀lù tan ènìyàn jẹ, Zumratul Islamiyyah Grammar School ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù iléèwé kí ó tó di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Stationery Stores. St. Finbarr's College ní Akọka, tí Fáda Denis Slattery dá sílẹ̀, ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu lọ. Nwosu ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ langba nígbà tí ó bá Nàìjíríà gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980. Keshi gba ife kan náà gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù ní 1994, ó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2013. Àwọn iléèwé wọ̀nyí nà wá lójú pápá nígbà ayé wa, kò sì rọrùn fún wa láti yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́.

Ẹ tún wo Hakeem Olajuwon. Muslim Teachers College ní Èkó ni ó wà, háńdìbọ́ọ̀lù ni ó sì ń gbá níbẹ̀. Ó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tí a ń jù sínú àwọ̀n. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti wà ní Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà; ní 1994 àti 1995, òun ni òpó tí ẹgbẹ́ Houston Rockets fara tì gba ife wọn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ pápá iléèwé pé ohun tí yóò dà nìyẹn. Bí kò bá sí pápá, bí kò bá sí olùkọ́ tí ó ní àkókò fún ọmọ gígùn kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n?

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé a kì í rí àwọn ọmọ mọ́. Lónìí, bí ẹ bá dé ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Ìsàlẹ̀ Gàngán tàbí Òkèpópó ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níbẹ̀. Wọ́n lè ka orúkọ gbogbo àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal àti Chelsea láìmí. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ẹni tí ń ṣọ́lé fún iléèwé tiwọn, wọn yóò máa wo ara wọn lójú. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ìgbà wo ni wọ́n rí i tí ó ṣọ́lé? Bí agogo ìparí bá lù, lẹ́sìn ni; lẹ́yìn lẹ́sìn, lẹ́sìn mìíràn nílé. Ìdánwò WAEC ti di ọlọ́pàá tí ó lé gbogbo eré kúrò nínú ọgbà. A kò ní kí ọmọ má kàwé, nítorí ìwé ni a fi di ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà ayé wa, àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn náà ń ṣe ìdánwò, ọ̀pọ̀ wọn sì yege ju àwa tí a jókòó máa ń wòran lọ.

Ilẹ̀ ń kọ́? Nígbà tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, tí ó sì fòpin sí ètò kí àwọn kan wá ní àárọ̀ kí àwọn kan wá ní ọ̀sán, gbogbo ọmọ ni ó nílò àga, àga sì nílò yàrá. Ohun rere ni, a kò jẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ìdajì pápá wa ṣe di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ìjọba dá àwọn iléèwé ìjọ padà fún àwọn tí ó ni wọ́n ní 2001, inú wa dùn, a rò pé pápá wa yóò padà. Ilé kì í padà di pápá. Ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí mú díẹ̀ sí i, kànga mú díẹ̀, ilé jẹnẹrétọ̀ mú díẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹ̀yin náà rí ní ọjọ́ íńtà-háòsì tí a ṣe kẹ́yìn. Eré ọgọ́rùn-ún mítà kò gba pápá wa mọ́. Ọgọ́ta mítà ni àwọn ọmọ ń sá, lẹ́yìn okùn ìparí sì ni ògiri wà. Àwọn olùkọ́ gbé tìmùtìmù àtijọ́ ti ògiri náà, kí ọmọ tí kò bá tètè rí ẹsẹ̀ dá dúró má baà fi àyà gbá a.

Títí di ibí yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni a ti ń sọ. Ó ku tiwa. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Àwa gan-an ni a sì kọ́kọ́ ta àwọn ọmọ wa lọ́pọ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí a ti jáde tí owó díẹ̀ sì ti ń wọ ọwọ́ wa, ìyà ìfìdírẹmi sú wa. A dá owó jọ. A wá géńdé mẹ́rin kan láti òde, tí ẹlòmíràn nínú wọn ti ń fá irùngbọ̀n. A rán aṣọ iléèwé fún wọn, a rí i pé orúkọ wọn wọ inú ìwé. Àwa ni a ṣe é. A kò ní fi orúkọ ẹnikẹ́ni bo ara wa. Ọmọ kan sì wà nígbà náà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní apá òsì, ọmọ Òkèpópó. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi ń dé pápá ṣáájú gbogbo ènìyàn, tí ó ń fọ́n omi sí ojú ilẹ̀ kí eruku lè rọlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ìdúmàgbò. Ní ọjọ́ ìdíje, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó wé gèlè, ó wá wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ńṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn géńdé wa ni ó gba ipò rẹ̀.

A borí pẹ̀lú góòlù méjì sí òdo. À ń jó, à ń fò, nígbà tí ìyá náà gba àárín èrò wá bá wa. Ó ti gbọ́ pé àwa ni àwọn tí ń náwó sí bọ́ọ̀lù iléèwé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ mi ṣẹ̀?" Ó rò pé wọ́n ń fi ìyà jẹ ọmọ náà nítorí ìwà burúkú kan ni, ó sì fẹ́ bá a bẹ̀bẹ̀. A kò rí èsì fún un. Ọ̀kan nínú wa, tí ó ti di olóògbé báyìí, ní kí ó má ṣe ìyọnu, pé yóò gbá a nígbà mìíràn. Kò gbá a nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ náà fọ aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó ká a, ó sì dá a padà fún olùkọ́. Kò tún wọ pápá mọ́ títí ó fi jáde.

Ohun tí a ṣe yẹn kò yàtọ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí owó pọ̀ ju tiwa lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí bọ́ọ̀lù yunifásítì ti ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ti fàyè gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eléré láti máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn láti ọdún 2021. Ó tọ́ kí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ jẹ nínú èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde olówó níbẹ̀ ń dá owó jọ báyìí láti fa àwọn eléré tí ó dáńtọ́ láti iléèwé kan sí òmíràn, àwọn olólùfẹ́ eré sì ń ráhùn pé àwọn kò mọ àwọn ọmọ tí ó wọ aṣọ iléèwé àwọn mọ́ láti ọdún kan sí èkejì. Nígbà tí a gbọ́ èyí, a rántí àwọn géńdé mẹ́rin wa. Ife lè wọlé kí ọmọ jáde. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù fi eré ìje ṣe àkàwé ìgbé-ayé onígbàgbọ́; a kò rò pé ó ní in lọ́kàn pé kí a háyà ẹlòmíràn láti bá wa sá a.

Ní ọjọ́ íńtà-háòsì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí, ọkùnrin kan wá kí wa níbi tí a jókòó sí. Ó ti ní ewú lórí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó pe orúkọ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ apá òsì ọjọ́sí ni. Iléèwé yìí náà ni ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò sì dárúkọ bọ́ọ̀lù, àwa náà kò lè dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ọmọ rẹ̀ bọ́ sójú eré ọgọ́ta mítà láìwọ bàtà. Ó ṣe ipò kẹta. Bí ó ti ń bọ̀ níbi okùn, ó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti fi gba ògiri, àfi bí ẹni pé apá kan eré náà ni ìyẹn jẹ́. Bàbá rẹ̀ pariwo ju gbogbo wa lọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ronú. Obìnrin ni ìrètí eré ìdárayá ní ilẹ̀ wa báyìí, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́. Our Lady of Apostles ní Ìjẹ̀bú-Òde, iléèwé ìjọ bíi tiwa, ni Tóbi Amúsàn lọ. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní Oregon, ó sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí a ń fo igi ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kò sì tíì sí obìnrin kan ní gbogbo ayé tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ni wọ́n ti fi jẹ obìnrin tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ ní Áfíríkà nígbà mẹ́fà. Ta ni ó lè búra pé irú wọn kò sí láàárín àwọn ọmọ tí ń fi ọwọ́ gba ògiri ní pápá wa?

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn àjọ̀dún fi ń ká wa lára. Gbogbo wa mọ̀ pé ìpinnu wà láti kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan fún ìrántí àjọ̀dún yìí, àti pé orí pápá tí ó kù ni wọ́n fojú sí. A mọ àǹfààní rẹ̀. Ní erékùṣù yìí, kò sí Sátidé tí ẹni kan kì í ṣe ìnáwó. Gbọ̀ngàn yóò pa owó wọlé, owó náà yóò sì san owó olùkọ́. Orúkọ àwa márààrún wà nínú ìwé àwọn tí ó ṣèlérí owó fún un, a kò sì sá fún ìlérí wa. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ jẹ́ kí a gbé gbọ̀ngàn náà ka orí ilé alájà kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn, bí àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ bá rí i pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ gbà á. Bí kò bá gbà á, kí a sún gbọ̀ngàn síwájú. Gbọ̀ngàn lè dúró de owó. Bí ilẹ̀ bá ti lọ lórí Erékùṣù Èkó, ó lọ nìyẹn.

Àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn wà tí a rò pé agbára wa ká. Kí ọ̀sán ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti eré, kí lẹ́sìn má ṣe wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí ni ẹ lè ṣe èyí, nítorí pé nígbà tí ẹ bá bèèrè lẹ́sìn ni iléèwé ń fi kún un. Kí ọmọ tí kò bá tíì lo ọdún méjì lọ́dọ̀ wa má ṣe ṣojú wa nínú ìdíje kankan, kí ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì sì jẹ́ ẹ̀rí, kí irú wa má baà tún rí àyè. Kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ó bá ra aṣọ àjọ̀dún fi ìdá kan lé iye owó aṣọ náà fún bọ́ọ̀lù, bàtà àti oògùn ìtọ́jú ọgbẹ́. A ti rí i pé a mọ aṣọ rà. Paríparí rẹ̀, kí gbogbo ọmọ tí ó bá wá sí ìgbáradì gbá bọ́ọ̀lù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. A lè máà gba ife fún ìgbà pípẹ́. Àwa tí a ti gba ti èrú mọ bí ó ṣe ń rí lẹ́nu lẹ́yìn ọjọ́ kẹta.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjọ́ ti lọ lórí wa. Bóyá a kò ní pé márùn-ún mọ́ ní àjọ̀dún tí ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa lọ́dọ̀ Ọlọ́run kò pọ̀. Kí Ó jẹ́ kí a tún jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pápá wa ní ọjọ́ kan, kí a wo ọmọ ọkùnrin yẹn, ẹni tí a ṣẹ̀, bí ó ti ń wo ọmọ tirẹ̀. Kí pápá gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà yóò fi sá eré rẹ̀ kọjá okùn, tí yóò máa lọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi rọ̀ fúnra rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan ògiri. Bí ó bá sì gba ife, òun ni kí ó gbé e. Àmín.